Àdá Tó Tú Ẹyẹlé Fíìmù Ká

Tóbi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ní kí o gbé e sílẹ̀. Láti ìdí ààrò ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín, mo sì rò pé àwọn ọmọ tó ń fi ìbàdí jó lẹ tún ń wò. Mo wá yọjú, mo rí ohun tí ẹ ń wò. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí ọkùnrin aláṣọ aró yẹn ṣubú lẹ̀rín yín máa ń pọ̀ jù? Ẹ ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ Tóbi tiẹ̀ ń pariwo pé, "Bàbá, àwọn ará àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni kú o! Ẹ wo bó ṣe ń ta ẹsẹ̀!"

Ọmọ mi, kò ṣe bí ẹni kú. Ó kú ni.

Ẹ jókòó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Ẹni tó gbé fídíò yẹn sórí ayélujára kò mọ ohun tó gbé jáde. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ níbì kan ni, ó sì rò pé òun rí ohun ìdárayá. Akinmádé lorúkọ ọkùnrin yẹn, Mádé la máa ń pè é. Ọmọ Àyèká ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Pupuru ẹ̀gẹ́ tí ẹ jẹ lánàá, tí ẹ ń yìn pé ó funfun, tí kò sì ní yanrìn, Mosún ọmọ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ìgbà ìkórè ló máa ń fi ránṣẹ́, nítorí pé mo jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá tí kò mọ̀ rí. Nítorí Mosún yìí ni mo ṣe ní kí ẹ jókòó. Bí fídíò yẹn bá ti dé ọwọ́ yín, kò ní pẹ́ dé Àyèká.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n kọ́ ilé epo sí bí ẹ bá ń jáde ní Okitipupa, lọ́nà Ìlútítun? Ọgbà wa nìyẹn. Ẹyẹlé Fíìmù lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá Akinwálé ló dá a sílẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà ní Ìbàdàn. Nígbà tó dé, ó ní kí wọ́n kun ẹyẹlé funfun ńlá sára géètì. Ó ní bí ẹyẹlé ṣe ń fò láti òrùlé dé òrùlé ni eré wa yóò máa ti ìlú dé ìlú. Ojoojúmọ́ ló sì máa ń pòwe fún wa pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. A ó sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá!" Ẹnu dùn ún fi dáhùn.

Bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà, bí a bá ya eré kan tán, a ó dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tàbí méje. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn fẹ̀ tó Bíbélì orí pẹpẹ. A ó dì wọ́n sínú àpò, a ó fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́, yóò kó wọn sáàárín ẹja gbígbẹ àti kẹ́ẹ̀gì ògógóró, ó di Àkúrẹ́, ó di Ìbàdàn, ó di Benin. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kọ̀ọ̀kan yóò fi hàn ní ọjọ́ tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà pẹ̀lú òórùn ẹja, a ó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, a ó tún ya òmíràn sí i. Ìgbà kan wà tí awakọ̀ gbé apá kejì lọ sí ìlú kan ṣáájú apá kìíní. Àwọn ará ibẹ̀ rí ìsìnkú ọkùnrin kan lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ kejì wọ́n rí i tó ń jẹun tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan kọ lẹ́tà sí wa pé kí a jọ̀ọ́, òògùn wo ni wọ́n fi jí òkú yẹn, òun náà ní ẹni tí òun fẹ́ jí. Lónìí, ẹ ó ya eré tiyín ní ẹ̀yìnkùlé, kí omi ẹ̀bà tó hó, ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń bú yín lórí rẹ̀.

Ẹyẹlé lorúkọ wa, ṣùgbọ́n ìwà àṣá là ń hù. A kì í ya eré ìfẹ́. Ìjà làwọn ènìyàn fẹ́ rí, ìjà náà la sì ń fún wọn: ogun abẹ́lé, olè ojú omi, ẹbí méjì tó ń pa ara wọn lórí oko ọ̀pẹ. Èmi ni mò ń to gbogbo ìjà yẹn. Ọmọ akọ̀pẹ ni mí, mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ kí irùngbọ̀n mi tó hù, mo sì mọ àdá lò débi pé mo lè sọ ọ́ lu ewé, kó dúró kó tó kàn án. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀, ibẹ̀ sì ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ni mò ń po ẹ̀jẹ̀. Epo pupa, osùn, àti ṣitáàṣì díẹ̀ kó lè kì. Ta ni epo yóò wọ́n ní Ìkálẹ̀? A ó rọ ọ́ sínú àpò ìtọ̀ ewúrẹ́, a ó so ó mọ́ àyà òṣèré lábẹ́ aṣọ, bí àdá bá ti kàn án, yóò fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ̀jẹ̀ yóò tú jáde wùú. Ajá àdúgbò mọ̀ wá dáadáa. Ọjọ́ kan, òkú mẹ́rin sùn sílẹ̀, kámẹ́rà ń lọ, ajá kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá òkú kan nítan, òkú sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, nítòsí Ìlútítun, àwọn òṣèré wa fi ẹ̀jẹ̀ kun ara, wọ́n ń sáré jáde nínú igbó. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n mú ọ̀kan tó gbé àdá, wọ́n lù ú títí eyín rẹ̀ méjì fi kán sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí kámẹ́rà ni wọ́n tó dọ̀bálẹ̀. A rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn fún oṣù kan, àyàfi ẹni tí eyín rẹ̀ kán.

Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí, a ní òfin mẹ́ta, ọwọ́ mi sì ni gbogbo wọn wà. Èkíní, àwọn tó bá fẹ́ jà gbọ́dọ̀ jọ jẹ pupuru nínú àwo kan kí wọ́n tó gbé àdá. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń bínú sí ẹnìkejì kì í lè bá a jẹ nínú àwo kan, ibẹ̀ ni n ó ti mọ̀, n ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìjà. Èkejì, àdá igi là ń lò, tí a fi bébà dídán inú páálí sìgá lẹ̀ mọ́ lára kó lè máa kọ mànà. Àdá gidi kì í kọjá ọ̀dọ̀ àwọn méjì tó ń lù ú pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kàn-án, kàn-án, kí kámẹ́rà lè gbọ́ ìró irin. Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀jẹ̀ wa bá ti dà sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ da yanrìn lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó tún jà níbẹ̀, nítorí epo ni, epo sì ń yọ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó wọ inú àpótí àdá igi, bébà dídán ṣí kúrò lára gbogbo wọn, wọ́n wá rí bí igi ìdáná. Ìjà kan ṣoṣo ló kù kí eré parí. Awakọ̀ Àkúrẹ́ ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, ó ní bí òun bá lọ, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pupuru wà lórí iná, kò tíì jiná. Ọ̀gá Akinwálé wò mí lójú. Ó ní, "Àdá tìrẹ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo ní o lè fi ṣá ewé kó má já?"

Mo lè ní rárá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò sẹ́ni tó fi ìbọn tì mí. Àwọn òṣèré dúró yí mi ká, wọ́n ń wò mí, inú mi sì dùn pé wọ́n ń wò mí. Mádé ló béèrè pé, "Ọ̀rẹ́, ṣé ọwọ́ rẹ dá? A ò tíì jẹun pọ̀ o." Mo ní, "Bí a bá parí, a ó jẹun. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wọ aṣọ aró rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ fún un nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí Mosún. Mo kó èédú, mo fi kun ojú mi látòkè délẹ̀, nítorí pé apànìyàn ni mo ń ṣe nínú eré yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, Tóbi. Olójú èédú tí ẹ rí nínú fóònù, tó di àdá mú, èmi ni. Ọwọ́ tí ẹ ń dì mú bí ẹ bá ń kí mi láàárọ̀ ni.

A jà. Ìjà náà dùn, n kò ní purọ́. Àdá ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ fẹ́ẹ́, ó ń bẹ́ sẹ́yìn, àwọn òṣèré tó kù ń pariwo. Ẹ̀jẹ̀ epo ti dà sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìjà tó ṣáájú, n kò sì da yanrìn lé e. Mo gbàgbé. Mo gbé àdá sókè fún èyí tó kẹ́yìn, mo sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí mo ti mọ̀ pé n ó ti dá a dúró. Ó yẹ kí ó bẹ́ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì bọ́ síwájú. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣá ọ̀gẹ̀dẹ̀ nídìí. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sí mi lẹ́nu, ó gbóná, epo kì í sì gbóná bẹ́ẹ̀. Ó ké pé, "Ìyá mi o!" Ó ṣubú, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ọrùn ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ̀yin ọmọ. Kámẹ́rà kò dúró, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó kú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí fún wa.

Kí a tó gbé e dé ẹnu géètì, ó ti dákẹ́.

Ọ̀gá Akinwálé kó wa jọ. Ó ní bí a bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi yóò kú sẹ́wọ̀n, ọgbà yóò sì tú. Ó ní akọ̀pẹ kúkú ni Mádé náà, kí a sọ pé ó já lórí ọ̀pẹ, ó sì ṣubú lu àdá ara rẹ̀. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni kò mọ ẹni tó já lórí ọ̀pẹ? Èmi ni mo gbé òkú rẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀, èmi ni mo sì sọ ọ́. Ìyá Mádé kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọ̀pẹ yí sí? Ọ̀pẹ yí ló pa ọma mi?"

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pẹ tó bá pa ènìyàn ní agbolé wọn, gígé ni wọ́n ń gé e, wọn kì í sì í jẹ epo rẹ̀. N kò rò ó débẹ̀. Nígbà tó béèrè ọ̀pẹ wo ló pa á, mo kàn na ọwọ́ sí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn oko, ọ̀pẹ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, tó so bàǹtà-banta. Ẹbí rẹ̀ gbé àáké. Wọ́n fún mi ní tèmi, nítorí pé èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù lọ. Mo gé e títí ọwọ́ mi fi bó. Nígbà tí ó wó, Ìyá Mádé gbé òkúta, ó ń lù ú, ó ń bú u, ó ń bi í pé kí ni òun fi ṣẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gun ọ̀pẹ mọ́.

Ẹ ó ní ó tán síbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀gá Akinwálé kò gé ikú Mádé kúrò nínú eré. Mo bá a níbi tó ti ń to kásẹ́ẹ̀tì, mo rí i. Ó ní, "Bí a bá jù ú nù, á jẹ́ pé lásán ló kú." Ó yẹ kí n gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí n là á mọ́lẹ̀. N kò ṣe é. Ẹni tó ti purọ́ ìsìnkú, ẹnu wo ni yóò tún fi bá ẹlòmíràn wí?

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Àyèká ni wọ́n fi eré yẹn hàn. Ìkórè ìgbà yẹn, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ, ewúrẹ́, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ síwájú pẹpẹ títí ohùn ewúrẹ́ yóò fi bo ti àlùfáà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jáde tán, wọ́n á gbé tẹlifíṣàn kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, jẹnẹrétọ̀ yóò máa han lẹ́yìn ilé, gbogbo ènìyàn yóò jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹran. Ìyá Mádé wà níwájú, ó gbé Mosún pọ̀n. Èmi náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn pátápátá. Bí mo ṣe rí i pé eré yẹn ni, mo fẹ́ dìde, mo tún jókòó.

Ìyá Mádé rí aṣọ aró. Ó ní, "Ọma mi rèé," pẹ̀lú ẹ̀rín, inú rẹ̀ dùn pé òun tún rí i. Àdá sì bọ́ lu ọrùn Mádé. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ké pè é. Àwọn tó kù ń hó yèè bí ẹ ṣe ń hó lẹ́ẹ̀kan. Òun nìkan ló dìde. Ó rìn lọ bá tẹlifíṣàn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rẹ̀, ó ní, "Kò já lórí ọ̀pẹ." Kò pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àyèká tú jáde. Àdá, kùmọ̀, garawa epo bẹntiróòlù. Wọ́n fa géètì ẹlẹ́yẹlé tu pẹ̀lú òpó rẹ̀. Wọ́n fi àáké la àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń da eré kọ. Wọ́n fa ìfun gbogbo kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó lọ́ mọ́ igi, ó lọ́ mọ́ wáyà, ó ń dán nínú oòrùn. Wọ́n ṣẹ́ apá ẹni tó ń di kámẹ́rà wa mú. Iná ràn, èéfín dúdú bo títì, ọ̀rá kásẹ́ẹ̀tì ń yọ́ kán sílẹ̀ bí òróró. Wọ́n wọ́ Ọ̀gá Akinwálé jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Níbo ni mo wà? Àárín wọn ni mo wà. Ẹ̀rù bà mí pé bí n kò bá bá wọn lọ, wọn ó béèrè mi. Kùmọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹnìkan tì mí síwájú, ojú èmi àti Ọ̀gá mi ṣe mẹ́rin nínú erùpẹ̀, mo sì gbé kùmọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ sórí eékún rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Kò ké, ó kàn ń wò mí.

Ìyá Mádé ló ní kí wọ́n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ tì í, ó ní, "Èyí tó kun èédú sójú, ta ni?" Ọ̀gá Akinwálé wò mí, ó sì pa ojú dé. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ léékún kò dárúkọ mi. Èmi ni mo la ẹnu. Mo ní, "Àjèjì kan ni, Ìyá. Ó ti sá lọ sí Benin. Ọ̀gá ló ní kí n sọ pé ọ̀pẹ ni." Ó gbà mí gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún yìí, ó ní Ọlọ́run yóò bá òun mú un. Mo ní àmín.

Ọ̀gá fi igi méjì tilẹ̀ kúrò nílùú, kò padà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ẹyẹlé Fíìmù ṣe parẹ́, àfi kásẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ́ kù ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Ìyá Mádé pè mí ní ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ni mo gbé Mosún léjìká lọ sí iléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ń jẹ pupuru rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì sí tí kò há mi lọ́fun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ ju ogún lọ dáadáa. Inú fóònù ọmọ ọmọ mi ló ti bá mi.

Tóbi, kí lo wí? Tún un wí, má fi orí pamọ́.

"Mo ní kò sẹ́ni tó lè dá yín mọ̀ níbẹ̀, Bàbá. Èédú bo gbogbo ojú yín. Àti pé... bí ẹ bá ṣì fẹ́ sọ fún wọn, mo lè ya yín báyìí, kí n fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Mosún. Ẹ ò ní rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yìí."

O ṣeun, ọmọ mi. Inú rere lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló fi ikú Mádé ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ níjọ́sí. N kò ní tún fi kámẹ́rà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ gbá mi létí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bó bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, kó bá mi níjòókòó.

Lọ bá mi pe ọlọ́kadà tí yóò gbé wa dé Àyèká. Kó o dì mí mú lẹ́yìn kí n má ṣubú. Àti ẹ̀yin tó kù, ẹ bu omi wá. Mo fẹ́ bọ́jú kí a tó lọ, kó lè rí mi dáadáa.